Àyànmọ́ àti Kọ́kọ́rọ́ Igun Mẹ́rin

Ní January 29, 2023, kọ̀ǹtẹ́nà já bọ́ lórí bíríìjì Ojúẹlẹ́gba ní Èkó, ó sì wó lu bọ́ọ̀sì èrò. Èèyàn 9 kú, ọmọdé 2 wà nínú wọn. Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n yọ láàyè. Ibẹ̀ náà ni òmíràn ti pa èèyàn 3 ní September 2015.

Àwọn kan ní àyànmọ́ ni. Ta wá ni àyànmọ́ rán níṣẹ́?

Ìbéèrè yìí kan Òkokomáìkò àti Ìyànà Ìbà gbọ̀ngbọ̀n, torí ọ̀nà Àgbádárìgì ni kọ̀ǹtẹ́nà ń gbà lọ sí ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́. Kọ́kọ́rọ́ irin kan ló yẹ kó di igun kọ̀ọ̀kan kọ̀ǹtẹ́nà mú mọ́ tírélà, ọwọ́ ni wọ́n sì ń fi lọ́ ọ. Bó bá dípẹtà tí kò lọ́ mọ́, ìwúwo ẹrù nìkan ló kù, ìwúwo kì í sì í di nǹkan mú ní kọ́nà.

Ànábì ní kí ẹni tó ní ràkúnmí so ó ná, kó tó gbára lé Ọlọ́run. Òfin Mósè, nínú Diutarónómì, sì ní kí ẹni tó kọ́lé ṣe ìgbátí sí òrùlé, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá jábọ́ má baà wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ṣe kedere: ìwé mímọ́ kò ka ìjábọ́ sí àyànmọ́ lásán. Onílé ló bi.

Onítírélà náà ńkọ́? Kí wọ́n tó ṣíná, mọ́tò bọ́ì ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fọwọ́ mi irin kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Àdúrà ìrìn àjò ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn.