Ìtàn Tí A Ń Pa Nínú Ọkọ̀: Ṣé Ìfẹ́ Ni, tàbí Eré Lásán?

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ de ìrìbọmi,

Nígbà tí a parí ẹ̀kọ́ lórí òfin ìfẹ́ sí ọmọnìkejì, ọ̀kan nínú yín dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí n kò rí ìdáhùn fún lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun a máa ná ọjà Kútọnu, àti pé kò sí ibi tí inú òun ti ń dùn bí inú ọkọ̀, nígbà tí àwọn èrò tí kò mọ ara wọn rí bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn fún ara wọn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ayọ̀ yìí wà lára ìfẹ́ tí Olúwa pa láṣẹ, tàbí bóyá eré lásán ni, tí a fi ń mú kí ọ̀nà kúrú. Mo ṣèlérí pé èmi yóò dá a lóhùn nínú ìwé yìí.

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Lomé lọ sí Kútọnu rí mọ ohun tí arábìnrin wa ń sọ. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí kìlómítà 150 lọ. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní gáréèjì, oníkálukú á gbé àpò rẹ̀ lé itan, á máa wo apá òkun bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà níbẹ̀. Kí a tó dé Aného, ẹnìkan á ra búrẹ́dì, á bù fún ẹni tí ó jókòó tì í. Ìyẹn ti tó. Ẹni tí ó gba búrẹ́dì á béèrè ibi tí olóore rẹ̀ ń lọ. Nígbà tí a ó bá fi dé ibodè ní Hilakondji, gbogbo ọkọ̀ ti mọ ẹni tí ó ń lọ sin òkú, ẹni tí ó ń lọ gbé ìyàwó, àti ẹni tí àna rẹ̀ ń dà láàmú. Èdè Mina ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó bu Faransé mọ́ ọn, bí ẹnìkan bá sì ṣèèṣì sọ pé "Ẹ kú ìrìn o," gbogbo àwa Ànàgó inú ọkọ̀ á yí ojú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ànàgó ni wọ́n ń pè wá ní Lomé, títí tí àdúgbò kan láàárín ìlú fi ń jẹ́ Anagokomé.

Kí ni ó fa adùn yìí? Ohun àkọ́kọ́ ni pé aláìní ni gbogbo wa lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ní ilé alájà mẹ́ta ní Lomé, bí táyà bá bẹ́ lẹ́yìn Grand-Popo, inú oòrùn kan náà ni òun àti alágbàfọ̀ yóò jọ dúró sí. Ìgbéraga kì í rí àyè jókòó níbi tí ènìyàn mẹ́rin bá fún ara wọn pọ̀ sórí àga ẹni mẹ́ta. Àwọn àgbà sì ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni ó ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, ẹni tí kò rìn jìnnà náà ń rí i, nítorí pé ẹlòmíràn gbé e wá bá a nínú ìtàn. Èyí jẹ́ ẹ̀bùn, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí kò lógo tó bẹ́ẹ̀. A ń sọ fún àjèjì ohun tí a kò lè sọ fún ọmọ ìyá wa, nítorí pé àjèjì kò ní wá sí ilé wa lọ́la láti wò bóyá a ṣe ohun tí a sọ. Kò ná wa ní nǹkan kan. Ibẹ̀ náà ni irọ́ ti ń rí ọ̀nà wọlé. Èmi fúnra mi ti jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀gá ilé-ìwé láti Wídà títí dé Kútọnu, nítorí kóòtù tí mo wọ̀. N kò purọ́. N kò kàn sọ òótọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ òfin kẹjọ, ẹ mọ ohun tí ẹ ó pe ìyẹn. Lábẹ́ òfin kan náà ni ìwé Katikísímù Ìjọ tí ó jáde ní 1992 ti kọ́ wa pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti tú àléébù ẹlòmíràn fáyé gbọ́ láìnídìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sunkún sí wa létí nínú ọkọ̀ kò fún wa ní ọjà tí a ó lọ tà ní gáréèjì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ tàbí òfófó ni ó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó ti ìyá kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ohùn Kétu sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń lọ wo ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ya búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó sì nà mí ní èyí tí ó tóbi. Ó pa ìtàn bí wọ́n ṣe fẹ́ fi òun fún ọkọ tí òun kò fẹ́ nígbà èwe òun, bí òun ṣe fi ara pamọ́ sínú agbọ̀n ata, tí wọ́n sì gbé òun dé ọjà kí ẹnikẹ́ni tó fura, àti bí òun ṣe sín nígbà tí ẹni tí ó ra ata ń ná an lọ́wọ́. A rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ fi ń nu ojú.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ibodè ojú ọ̀nà náà, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wa. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO tọwọ́ bọ̀ ní Dakar ní 1979 gbà wá láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ìwé ẹni gbọ́dọ̀ péye. Ọjọ́ ti kọjá lórí káàdì ìyá yìí. Wọ́n ní kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó dúró. Faransé ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́ Faransé. Awakọ̀ dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo gbogbo wa, ó ní bí ẹnìkan bá lè bá ìyá sọ̀rọ̀, òun yóò tún dúró díẹ̀ sí i. Bí kò bá sí, kí òun máa lọ. Èmi tí mo fi Faransé kàwé láti kékeré wo aago mi. Ìpàdé àwọn katikísì ni mo ń lọ ní Kútọnu. N kò sọ nǹkan kan. Awakọ̀ sọ ẹrù ìyá kalẹ̀. Ìyá kò bínú, ó juwọ́ sí wa, ó ní, "Ó dàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi." Ìyókù búrẹ́dì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn, a sì tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 8, nítorí ìtàn ìrìn-àjò tí ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n wà níbẹ̀. Ìwẹ̀fà kan, ará Etiópíà, olùtọ́jú ìṣúra ayaba, ń ti Jerúsálẹ́mù padà sílé. Ó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń ka ìwé wòlíì Aísáyà, ohun tí ó ń kà kò sì yé e. Fílípì sáré bá a, ó bi í bóyá ó yé e. Ọkùnrin pàtàkì yìí kò tijú. Ó jẹ́wọ́ pé òun nílò ẹni tí yóò tọ́ òun sọ́nà, ó sì ní kí Fílípì gòkè wá jókòó ti òun. Arìnrìn-àjò méjì tí kò mọ ara wọn rí, àga kan, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀: títí dé ibí yìí, kẹ̀kẹ́ ìwẹ̀fà àti ọkọ̀ Kútọnu kò yàtọ̀. Ìgbà tí wọ́n kan omi ni ìyàtọ̀ dé. Ìwẹ̀fà béèrè ohun tí ó lè dí òun lọ́wọ́ láti gba ìrìbọmi, ó ní kí kẹ̀kẹ́ dúró, àwọn méjèèjì sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú omi. Lúùkù mímọ́ kò jẹ́ kí a ṣiyèméjì: kì í ṣe ẹnìkan, àwọn méjèèjì ni. Lẹ́yìn èyí, Ẹ̀mí Olúwa gbé Fílípì lọ. Ìwẹ̀fà kò rí i mọ́, síbẹ̀ ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ pẹ̀lú ayọ̀.

Tẹ́lẹ̀ rí, mo rò pé àbùkù ayọ̀ inú ọkọ̀ ni pé kì í pẹ́. Pé ẹni tí a kò ní rí mọ́ kò lè jẹ́ ọmọnìkejì wa ní tòótọ́. Ìtàn yìí já mi nírọ́. Àkókò tí Fílípì àti ìwẹ̀fà lò pọ̀ kúrú, ó sì pé. N kò ní láti di ọ̀rẹ́ ìyá yẹn títí ayé. Ohun kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, pé kí n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ará Samáríà tí Olúwa sọ ìtàn rẹ̀ nínú Lúùkù orí 10 náà ní ẹran ìgùn. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn nígbà tí ó gbé ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ gùn ún.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ta ni yóò dé Kútọnu? Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ará Samáríà náà kò fi òwò rẹ̀ sílẹ̀. Ó sanwó fún onílé èrò ní ọjọ́ kejì, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí ó wà ní ọwọ́ wa ni a ó bi wá léèrè. Faransé ni ó wà ní ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà, bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ ni ìyá nílò. Mo lè béèrè nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Mo lè fún un ní owó tí yóò fi padà. Ní òkè Danyi, nílẹ̀ wa níhìn-ín, àwọn mọ́ńkì ìjọ Bẹ́nẹ́díkì wà ní Dzogbégan láti 1961. Òfin Bẹ́nẹ́díkì mímọ́, ní orí 53, ní kí a gba gbogbo àlejò bí ẹni pé Kristi ni, kí olórí ilé náà sì dá ààwẹ̀ tirẹ̀ dúró nítorí àlejò, àfi bí ààwẹ̀ ọjọ́ náà bá jẹ́ pàtàkì. Mo fẹ́ràn èyí. Mọ́ńkì kì í fi ààwẹ̀ ṣeré, síbẹ̀ ààwẹ̀ lè dúró. Ìpàdé àwọn katikísì náà lè dúró.

Ojú ọ̀nà wa yìí pàápàá ní ìrántí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ń ṣòwò níbẹ̀, títí kan àwọn tí a bí sí Kumasi, di ẹrù wọn, wọ́n gba Lomé kọjá. Ní oṣù Kìíní 1983, ó kan àwọn ará Gáná: Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde, wọ́n sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Gáná ti ti ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò láti oṣù Kẹsàn-án 1982, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn há sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù, títí Gáná fi ṣí ibodè ní ìparí oṣù náà. Ọ̀nà kan náà ni. Àwọn tí ń sá ni ó yí padà. Mo ti jókòó ti àwọn tí ó rin ìrìn méjèèjì yìí. Wọn kì í dárúkọ ẹni tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó fún wọn ní omi, ẹni tí ó ní kí àwọn ọmọ wọn wá sùn sí ìyẹ̀wù, ni wọ́n ń rántí. Ìdí nìyí tí Ọlọ́run fi ń rán àwọn ọmọ Ísírẹ́lì létí, nínú ìwé Ẹ́ksódù, pé àwọn náà ti ṣe àjèjì rí ní Íjíbítì.

Nítorí náà, arábìnrin mi, ayọ̀ rẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì ṣe eré lásán, ṣùgbọ́n kò tíì di ìfẹ́. Mo rí i bí àsansílẹ̀. Ọlọ́run jẹ́ kí a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnìkan, kí ó má baà jẹ́ àjèjì sí wa mọ́ nígbà tí àìní rẹ̀ bá dé. Máa ra búrẹ́dì rẹ, máa bù ú fún èrò, máa pa ìtàn rẹ. Ẹrín tí èmi rín pẹ̀lú ìyá yẹn kò burú. Mo gba àsansílẹ̀, n kò ṣe iṣẹ́.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Ìjọ gbà yín bí ẹni tí ń múra de ìrìbọmi. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ dúró sí, kí ẹ tó wọlé. Kí Fadá tó bi yín ní ohun tí ẹ ń wá lọ́dọ̀ Ìjọ Ọlọ́run, orúkọ yín ni ó kọ́kọ́ béèrè.

Nígbà tí mo padà sí Lomé, mo lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Fadá gbọ́ mi dé òpin. Ó ní òun yóò gbàdúrà fún ìyá náà níbi Mísà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì bi mí ní orúkọ rẹ̀. Mo mọ ọjọ́ orí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo mọ agbọ̀n ata, mo mọ ọjà tí wọ́n gbé e lọ, mo mọ bí ó ṣe sín. N kò béèrè orúkọ rẹ̀.