Ọwọ́ Tó Wọ Abọ́ Kan Náà

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu wa débi pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè mọ́ pé ọwọ́ àgbà tí ọmọ fẹ́ bá jẹun ńkọ́. Ẹni tó pa á gbà pé àgbà ti wẹ ọwọ́ tirẹ̀ kí abọ́ tó délẹ̀. Nínú ilé púpọ̀ lónìí, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kọ́ ni kò fẹ́ fọwọ́, bàbá ni. Ìgbà mìíràn, ìyá ni. Ẹni tó rí i ń kùn, ẹni tí wọ́n ń bá wí ń bínú, oúnjẹ ń tutù.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìlárá-Mọ̀kín ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìlú tó sún mọ́ ìgboro tó sì tún sún mọ́ oko ni. Àkúrẹ́ kò jìnnà sí i, Yunifásítì Elizade ti wà níbẹ̀ láti 2012, síbẹ̀ àwọn tó ń ti oko wálé lọ́sàn-án kò tíì tán. Ọkọ kan ti oko dé. Ó ti di àdá mú láti àárọ̀, ó ti ṣa kòkó tó rà dànù, ó ti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà wálé. Iyán ti wà nílẹ̀, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ó jókòó, ó ti ìka mẹ́ta bọ inú abọ́ omi, ó gbọn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bu òkèlè.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀ yẹn.”

“Ọṣẹ kí ni? Ṣé mo fọwọ́ kó ìgbẹ́ ni?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Torí àwọn ọmọ tó fẹ́ bá yín jẹun ni mo ṣe sọ ọ́.”

“Báyìí ni bàbá mi ṣe jẹun títí ó fi darúgbó. Ìyá Ìbejì, jẹ́ n jẹun.”

Mi ò sọ̀rọ̀ ilé ẹnì kan o. Ẹni tó bá ti gbé láàárín wa yóò mọ ohùn méjèèjì yìí. Ọ̀rọ̀ náà sì máa ń yí padà. Ọkọ lè délé bá aya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ìdí ọmọ tán, tó nu ọwọ́ sára ìró, tó sì kọjú sí ẹ̀bà tó fẹ́ tẹ̀. Ọkọ kò ní sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Yóò pariwo “ọbùn!” tí gbogbo ayálégbé tó wà ní kọ́rídọ̀ yóò fi gbọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì kúrò lórí ọwọ́, yóò di ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ti tọ́ aya dàgbà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ parí irú ìjà yìí nípa sísọ pé kálukú ló ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Mi ò gbà. Ẹni tó fẹ́ ata púpọ̀ àti ẹni tí kò fẹ́ ata lè jọ gbé ilé kan, kí wọ́n bu ọbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń wọ abọ́ tí gbogbo ilé ń jẹ kúrò ní ti ẹnì kan. Ohun tó bá wà lábẹ́ èékánná bàbá yóò dé ẹnu ọmọ, ọmọ kò sì lẹ́nu láti sọ pé òun kò fẹ́.

Ẹ tilẹ̀ wo abọ́ omi ìṣanwọ́ náà dáadáa. Bàbá ló ń kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí òun ni àgbà. Àlejò tẹ̀ lé e bí àlejò bá wà, lẹ́yìn náà ìyá, àkọ́bí, àti èyí tó tẹ̀ lé àkọ́bí. Kó tó kan àbíkẹ́yìn, omi ti ṣú, epo ti léfòó sójú rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ oko ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta wá ki ọwọ́ sínú ìdọ̀tí gbogbo ilé, ó fà á yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ ìbá mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní kò ṣàn án rárá. Nítorí ọ̀wọ̀ ni a ṣe tò ó bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì lágbára láti bá àìsàn jà ni a wá ń fún ní omi tó burú jù.

Ìgbẹ́ gbuuru wà lára àwọn ohun tó ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jù lọ láyé. Àwọn tó ti ṣèwádìí rẹ̀ káàkiri rí i pé fífi ọṣẹ àti omi fọwọ́ lè dín in kù tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Omi lásán kì í ká ọ̀rá nílẹ̀, inú ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí sì ń sá pamọ́ sí. Ọṣẹ ló ń ká wọn kúrò, bí a bá fi ra ọwọ́ tó ogún ìṣẹ́jú-àáyá, kí omi tó ń ṣàn wá gbé wọn lọ. Ìka mẹ́ta tí a tì bọ inú abọ́ kò ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i. Ibà Lásà, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, ti wá fi ọ̀dọ̀ wa ṣe ibùjókòó. Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi ni a sábà máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń ka ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ibi tí wọ́n ń gbé àwọn tó mú lọ. Eku ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ lè bọ́ sínú gààrí tí a kò dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè kan ọwọ́ ẹni tó pa á tàbí tó ń tún un ṣe fún ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó mú lè kó o ran ẹlòmíràn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, èébì àti àwọn omi ara mìíràn. Ta ni yóò sì nu èébì aláìsàn nínú ilé kí wọ́n tó mọ irú ibà tó jẹ́? Ọkọ ni, tàbí aya. Ẹni tí ò gbà kí aya rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ sí òun létí lọ́jọ́ tí ara le, aya yẹn náà ni yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ́jọ́ tí ara ò le.

Ìgbéraga ló wà nídìí “Ṣé mo fọwọ́ kó ìgbẹ́ ni?” Kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Vienna ní 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis rí i pé àwọn dókítà ń ti ibi tí wọ́n ti ń gé òkú bọ́ sídìí aboyún tó ń rọbí, láìfọwọ́ bó ṣe yẹ. Nínú oṣù kẹrin ọdún yẹn, nǹkan bí ìyálọ́mọ méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ló kú ní ẹ̀ka ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo wọn máa fi omi tó ní klórínì fọwọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, iye tó ń kú kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. O ó rò pé wọ́n á gbé e gẹṣin. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá dókítà ayé ìgbà náà kọ̀ jálẹ̀, torí ohun tó ń sọ túmọ̀ sí pé ọwọ́ wọn ló ń pa àwọn ìyá náà. Nígbà tó ṣe, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí gbangba, ó ń pe àwọn tó ta kò ó ní apààyàn. Ilé wèrè ló kú sí ní 1865. Ẹnu rẹ̀ korò, mo gbà, ẹnu kíkorò kì í sì í ṣínà sí etí. Síbẹ̀, mi ò lè dá a lẹ́bi tó bí mo ṣe dá àwọn tó kọ̀ lẹ́bi, nítorí bí iyì tiwọn ṣe ń dùn wọ́n ni ìyá àwọn ọmọ ń kú.

Ṣùgbọ́n kí a tó pe ẹnikẹ́ni lọ́bùn nínú ilé, ẹ jẹ́ ká bèèrè ibi tí omi ti wá. Lójú tèmi, ibí yìí ni gbòǹgbò ìjà náà wà. Omi ẹ̀rọ ìjọba kì í yọ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Kànga ni, tàbí bọ́hòlù aládùúgbò tí èèyàn ń sanwó fún. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tí kànga fà sísàlẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọ ló ń tò síbi tí omi wà láti ìdájí. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí èèyàn mẹ́fà bá ń fọwọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, tí kálukú ń lo ìdajì lítà, lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, ó ju ìdajì kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ. Orí ẹnì kan ló ru ú wálé. Aya tó ń pariwo pé “ẹ má fi omi mi ṣòfò” lè má jẹ́ ọbùn rárá. Ọrùn tó fi ru omi ló ń ro. Ọkọ tó ń sọ pé ilé òun gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, tí kò sì gbé kẹ́ẹ̀gì rí láti ọjọ́ tó ti gbéyàwó, orí omi ẹlòmíràn ló ti ń ṣe àfínjú.

Nínú ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ lórí ìwàpẹ̀lẹ́ ní 1975, ó ka ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òótọ́, akin, iṣẹ́ àti ọpọlọ pípé mọ́ ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí. Ìtẹríba nìkan la máa ń rántí bí ọ̀rọ̀ bá di ti tọkọtaya, aya la sì máa ń fi bá wí. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ tó bá fẹ́ kí gbogbo ilé máa fọwọ́, kó kọ́kọ́ gbé omi wá, tàbí kó sanwó fún mẹ́ruwà. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò ní ìwúwo tí ariwo kò lè fún un. Bí omi àti ọṣẹ bá sì ti wà nílẹ̀, tí ẹnì kan ṣì ń bu òkèlè pẹ̀lú ọwọ́ oko, kò ní àwáwí kankan mọ́. Ọbùn rí ikú ọkọ tìrànmọ́, ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú lòun ò ti wẹ̀.

Ọṣẹ gan-an kò jìnnà sí wa. Eérú èèpo kòkó àti àdín wà lára ohun tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, èèpo kòkó sì ń jẹrà lóko wa lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ sísọ ló ṣáájú nínú ohun tí Abímbọ́lá kà, ẹni tó tọ̀nà sì lè ti ibẹ̀ jìn sí kòtò. Aya tó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú lójú àlejò pé kó lọ fọwọ́ ti sọ òótọ́, ó sì ti dójú ti ọkọ. Ọkọ tó lọ ròyìn ìwà ọ̀bùn aya rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ burú jù ú lọ. Ìtàn wà nínú Ifá pé Ìwà, ọmọ Sùúrù, ni aya Ọ̀rúnmìlà. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ nínú ilé kò tẹ́ ọkọ lọ́rùn, ọkọ sì lé e lọ. Kò pẹ́ tí nǹkan fi dàrú fún Ọ̀rúnmìlà, tí iyì rẹ̀ wọmi, tó wá ń wá aya kan náà láti ilé dé ilé. Mi ò ka ìtàn yìí sí pé kí a máa gba ìdọ̀tí láyè. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹjọ́ ọkọ lè tọ̀nà, kí ọ̀nà tó gbà dá a sì tú ilé rẹ̀ ká. Alẹ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dára sí, nínú yàrá, nígbà tí ebi kò pa ẹnikẹ́ni. “Bàbá Ìbejì, inú ń run Kẹ́yìndé láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí.” Ọkùnrin tó bá ṣì bínú sí èyí, ìwà rẹ̀ ni kó yẹ̀ wò.

Bí a bá ní kí n gbé e lé ìwọ̀n, àìfọwọ́ wúwo ju ẹnu líle lọ, nítorí ìbínú àgbà á lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru pa kò ní jí mọ́.

Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń jà, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, báńkì àti ṣọ́ọ̀bù, ọkọ àti aya sì jọ ń fọwọ́ níbẹ̀ láìjà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó jẹ́ olórí ilé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìjẹun yóò parí ìjà púpọ̀. Bí kò bá sí, bùtà wà. Omi bùtà ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá fún ìrun márùn-ún ojúmọ́, ọwọ́ ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ fọ̀. Omi tó bá ti kan ọwọ́ kì í padà sínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ta ni yóò wá máa da omi síni lọ́wọ́, ṣé bàbá ni yóò máa dà á fún ọmọ? Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá lè dà á. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, àlùfáà Kátólíìkì máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ipò rẹ̀ kò sì jábọ́ nítorí ìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àṣà wa kò gbà kí àgbà da omi sọ́wọ́ ọmọ, kó sọ fún mi irú àṣà tó ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta máa fọwọ́ sínú èérí gbogbo ilé.