Èdè Gẹ̀ẹ́sì Náà Ti Jẹ́ Èdè Ará Oko Rí

Ìbéèrè kan wà tí ó ti di àríyànjiyàn láàárín àwọn òbí ní Òkìtìpupa àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Ìkọ̀yà títí dé Òde-Ìrèlè. Ìbéèrè náà ni pé: òbí tí ó pinnu pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òun yóò máa bá ọmọ òun sọ, ǹjẹ́ oore ni ó ṣe ọmọ náà, tàbí ibi ni ó ṣe é? Àwọn kan ní oore ni. Wọ́n ní ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè wọ yunifásítì, kò sì lè rí iṣẹ́ gidi ṣe. Àwọn mìíràn ní ìwà àbùkù ni, pé ẹni tí ó bá ta èdè bàbá rẹ̀ ti ta bàbá rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ní tèmi, ohun kan wà tí apá méjèèjì jọ gbà gbọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé Gẹ̀ẹ́sì ti tóbi láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, àti pé nǹkan kan wà nínú èdè náà fúnra rẹ̀ tí ó fi ń borí àwọn èdè yòókù. Kí a tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí a mọ ìtàn àlejò tí a gbà sílé.

Ní sẹ́ńtúrì karùn-ún lẹ́yìn ikú Kírísítì ni àwọn ẹ̀yà tí a ń pè ní Angles, Saxons àti Jutes wọ ọkọ̀ ojú omi láti agbègbè tí ó wà ní Jámánì àti Dẹ́ńmákì òde òní, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí erékùṣù Britain. Láti ara orúkọ àwọn Angles ni England ti rí orúkọ tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé ibẹ̀ ni àwọn ajagun ojú omi láti Dẹ́ńmákì àti Nọ́wè tún dé bá wọn. Ogun ni wọ́n kọ́kọ́ bá wá. Ọdún 793 ni wọ́n kó ilé ìsìn Lindisfarne. Nígbà tí ó yá, àwọn náà di onílé. Àdàlù yìí wọ inú èdè wọn lọ. Ní ìgbà kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní fún 'òun' àti èyí tí wọ́n ní fún 'àwọn' bẹ̀rẹ̀ sí í dún bákan náà lẹ́nu wọn. 'They' tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn àlejò wọ̀nyí ni wọ́n fi yanjú ìṣòro náà. Èdè tí ó yá arọ́pò-orúkọ lọ́wọ́ ọ̀tá rẹ̀ kò lè sọ pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ní ọdún 1066 ni ìyà gidi dé. William láti Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun England, ó sì fi àwọn ènìyàn tirẹ̀ ṣe olórí ibi gbogbo. Fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, Faransé ni èdè ààfin àti ti ilé-ẹjọ́, Látìn sì ni èdè ìwé àti ti ìsìn. Gẹ̀ẹ́sì di èdè àwọn tí ń tulẹ̀ àti àwọn tí ń da ẹran. Àpá ìgbà náà kò tíì jinná lára èdè ọ̀hún. Nígbà tí màlúù bá wà láàyè lọ́wọ́ darandaran, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jẹ́, 'cow'. Bí ó bá di ẹran lórí tábìlì ọlọ́lá, orúkọ Faransé ni wọ́n ń pè é, 'beef'. Bákan náà ni ti àgùntàn, 'sheep' ní pápá, 'mutton' nínú àwo. Ẹni tí ó ń sìn ín àti ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ kò sọ èdè kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ nígbà náà pé èdè àwọn darandaran wọ̀nyí ni a ó máa fi ṣe ìdánwò ní Òkìtìpupa lọ́jọ́ iwájú, wọn ì bá pè é ní wèrè.

Kí ni ó gba èdè náà là? Nǹkan méjì ni. Èkíní ni pé àwọn ìyá kò dákẹ́. Ní gbogbo ọ̀ọ́dúnrún ọdún yẹn, àwọn tálákà kò ṣíwọ́ fífi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ọmọ wọn. Èkejì ni pé àwọn aláṣẹ padà wá gbà á sílé. Ní ọdún 1362 ni wọ́n ṣe òfin pé kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní ilé-ẹjọ́ ọba, nítorí pé àwọn tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́ wọn tàbí èyí tí wọ́n ń sọ fún wọn. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín ni pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ní 1476, tí Tyndale tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde ní 1526, èyí tí ó wà lára ohun tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tí Shakespeare kú ní 1616, àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ayé kò ju mílíọ̀nù díẹ̀ lọ. Àwa tí ń sọ Yorùbá lónìí pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Bí ó ṣe wá kárí ayé kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn ará England tẹ ìlú dó sí Virginia ní 1607. Ilé-iṣẹ́ oníṣòwò wọn wọ India. Ọkọ̀ wọn kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú gba orí òkun kọjá. Ní 1851 wọ́n yìnbọn mọ́ Èkó, ní 1861 wọ́n gbà á pátápátá. Nígbà tí agbára England ń rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945, Amẹ́ríkà ti gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀, ìbọn, ọjà àti ilé-ìwé ni wọ́n gbé Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tí ó dé. Kì í ṣe adùn rẹ̀ ni, kì í sì í ṣe ọgbọ́n inú rẹ̀.

Ojú ọ̀sà ni ọ̀làjú tuntun yìí gbà wọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti ìhà Èkó. Ṣùgbọ́n èdè méjì ni ó bá a wá, kì í ṣe ọ̀kan. Bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìjọba ni Yorùbá inú ìwé ń bọ̀ pẹ̀lú ìjọ. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Nígbà tí Bíbélì parí ní 1884, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ó di òpómúléró Yorùbá tí a ń kọ. Àwa tí a ń pe owó ní 'oghó' wá bá ara wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ilé-ìwé tí ìró yẹn kò ti ní lẹ́tà. Àwa tí a ń fi 'u' bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu tíṣà pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi 'u' bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa. Nínú àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, tí Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Oǹdó wà lára wọn, arọ́pò-orúkọ kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ 'ẹ' àti 'wọ́n', a kì í sì í fi arọ́pò ọlọ́pọ̀ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ pé èdè wa kò ní ọ̀wọ̀ nínú. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò wo bí ọmọ Ìkálẹ̀ ṣe ń kúnlẹ̀ tàbí bí ó ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní, 'you' kan náà ni a ń lò fún ọba àti fún ọmọ ọwọ́, fún ẹnì kan àti fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé kí a má fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ nítorí pé kò ní ọ̀wọ̀. Ohun tí a pè ní àbùkù lára tálákà, ẹwà ni lára olówó.

Láti inú ìtàn yìí ni mo ti mú ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín àfikún àti ìpààrọ̀. Ẹni tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kún ohun tí ọmọ rẹ̀ ní ti ṣe é lóore. Ẹni tí ó fi í pààrọ̀ rẹ̀ ti gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tí kò lè jà fún ara rẹ̀. Àfikún ni àwọn ará England fi Faransé ṣe: wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọn kò sì fi tiwọn sílẹ̀. Àfikún náà ni àwọn baba wa ṣe nígbà tí wọ́n gba 'àdúrà' àti 'wàhálà' láti ọ̀nà Hausa, tí wọ́n gba 'búrẹ́dì' àti 'táyà' láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá kò ti ibẹ̀ kú.

Òbí tí ń bẹ̀rù ebi kì í ṣe òmùgọ̀. Òótọ́ ni pé yunifásítì kì í sábà gba ọmọ tí kò yege nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo ń bá a jiyàn lé lórí ni èrò rẹ̀ pé dídín èdè ilé kù ni yóò mú kí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà dára. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Síbẹ̀, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n fagi lé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ tiwa gan-an. Mínísítà ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún 2022 kò tíì kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Ìdánwò wo ni ó ti jókòó fún tí ó fi fìdí rẹmi?

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá na ìka kan sí Àbújá kí ó rántí pé mẹ́ta kọjú sí òun náà. Bí ó bá burú kí a fi Gẹ̀ẹ́sì lé Yorùbá kúrò ní ilé-ìwé, kí ni a ó sọ fún ìyá àgbà kan ní Igbótako, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá pe 'oghó'? Yorùbá ìwé ni iṣẹ́ mi, èmi kò sì ní sọ pé kò wúlò. Òun ni ó jẹ́ kí ọmọ Ìkálẹ̀ lè kọ̀wé sí ọmọ Ṣakí kí ó sì yé e. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó de òun àti Gẹ̀ẹ́sì. Kí òun náà jẹ́ àfikún. A kò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún Yorùbá lọ́wọ́ aláṣẹ, kí a padà délé wá máa na èdè Ìkálẹ̀ ní ẹgba.

Ohun tí a jẹ ọmọ kò ju pé kí a má dákẹ́ lọ. Kí a fi èdè Ìkálẹ̀ tọ́ ọ nílé, kí ilé-ìwé fi Yorùbá là á lójú, kí tíṣà tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dájú sì kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọpọlọ ọmọdé gbà wọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ó kù di ọwọ́ àwọn tí ó wà ní ipò. Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 97, gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè tí àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ náà ń sọ kún Gẹ̀ẹ́sì. Kún ni òfin wí, kò ní kí wọ́n pààrọ̀. Títí di òní, àgbẹ̀ tí ó ní ẹjọ́ ilẹ̀ ní kóòtù máńjísírétì ṣì ń dúró de ògbufọ̀ kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa oko bàbá rẹ̀. Irú ìyà yẹn ni àwọn aṣòfin England rí ní 1362 tí wọ́n fi ṣe òfin. Bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fẹ́ gbà ní àwòkọ́ṣe, ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.