Ta Ni Olódo Gan-an?

Orúkọ kan wà tí kì í sí nínú rẹ́jísítà, síbẹ̀ tí gbogbo kíláàsì mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ: olódo. Òbí ọmọ náà ti sọ ọ́ lórúkọ tó dára lọ́jọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó dìde kàwé, tó pe "b" ní "d", tí kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ni wọ́n tún un sọ.

Tíṣà ní ọ̀lẹ ni. Ìyá rẹ̀ náà wá bẹ tíṣà: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa nà án dáadáa."

Pàṣán ò sì la ojú ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ tí kì í rí ọ̀ọ́kán, tó jókòó sẹ́yìn, inú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti ń wo ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó. Wọ́n á ní ó ń jíwèé wò. Èyí tí etí rẹ̀ ń dùn ún kò gbọ́ ohun tí wọ́n rán an; wọ́n á ní alágídí ni. Ọmọ tí ìró àti lẹ́tà kì í tètè so pọ̀ fún, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dyslexia, lè mọ ìtàn án sọ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kó sì máa bá ìyá rẹ̀ ṣírò ṣéńjì lọ́jà láìṣì. Kì í ṣe pé kò ní làákàyè. Ìwé kíkà ló ń fún un ní wàhálà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, nígbà tó ń to ohun tó ń sọni di ọmọlúàbí, mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òtítọ́, akínkanjú àti iṣẹ́. Ó fi ọpọlọ pípé kún un. Ẹni tó fẹ́ gbèjà "olódo" lè rọ̀ mọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, bí ẹni pé ipò kìíní ni wọ́n ń pè ní ọpọlọ pípé. Ṣùgbọ́n tíṣà tí ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ kò yọrí, tí kò sì wá òmíràn, ta ni ká fi ọpọlọ pípé wọ̀n nínú òun àti ọmọ? Ti ọ̀rọ̀ sísọ ò tilẹ̀ ní àríyànjiyàn: ẹni tó ń pe ọmọ ní olódo ti kùnà níbẹ̀.

Àwọn àgbà pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà, pé Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ ni láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó dára. Àmọ́ èèyàn lè ṣàìfi ọmọ ṣẹ̀sín, kó sì fi í sílé láìkàwé.

Àwọn kan ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, nígbà tí àìsàn sọ ọ́ di adití. Ní 1954 ó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití. Òun ni wọ́n sábà ń kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ẹni tí kò gbọ́ràn ló wá ń kọ́ àwọn tí kò gbọ́ràn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́, tó ń kọ́ olùkọ́ fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1977. Ní 2017, JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola sì ni alága rẹ̀, kí àwọn afọ́jú lè ṣe ìdánwò bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Òfin tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì sọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì di ẹ̀tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara.

Kí a má rẹ́ tíṣà jẹ: kíláàsì tí ọmọ kún bámúbámú ló ń dá bójú tó, owó oṣù sì lè má tètè dé. Síbẹ̀, kò ná an ní kọ́bọ̀ láti fa ọmọ wá sí àga iwájú, láti jẹ́ kó fẹnu dáhùn ohun tí kò lè kọ, láti fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún àkókò rẹ̀, láti pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ títí yóò fi ka ìlà kan tán. Nígbà tí ìyá náà bá sì tún dé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pàṣán rẹ̀, kí Àǹtí kọ́kọ́ bi í léèrè ìgbà tí wọ́n ti yẹ ojú ọmọ wò gbẹ̀yìn.