Ẹni Tó Bá Mú Un, Ṣé Òun Ló Ni Ín?

Ìdáhùn kan ni àwọn apẹja etíkun wa máa ń fún mi: ohun tí òkun bá gbé wá, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ni ín. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ẹja. Èmi náà ń gbé ìwọ̀ mi kọjá ọ̀sà láti Àgbádárìgì lọ sí Gbẹ́rẹ̀fú ní ọjọ́ Sátidé, mo ń pa ẹja, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjàpá òkun ló ń dùn mí.

Òru ni abo rẹ̀ ń gòkè. Á wọ́ ara rẹ̀ lórí yanrìn, á sinmi, á tún wọ́, títí yóò fi kọjá ibi tí omi lè dé. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń gbẹ́ ihò: tọ̀tún á bu yanrìn síta, tòsì á tẹ̀ lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìyá tó ń tẹ́ ibùsùn ọmọ. Ẹyin rẹ̀ lè tó 100. Omi iyọ̀ á máa dà lójú rẹ̀ bó ti ń yé. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kì í sábà sá mọ́, èèyàn ìbáà dúró tì í. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn kan ń yí i gbalaja, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á kanlẹ̀, àyà rẹ̀ á wà lókè. Wọ́n á kó ìyá, wọ́n á kó ẹyin. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ìjàpá lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òun náà tó lè yé.

Arákùnrin kan nínú ìjọ wa rán mi létí Jẹ́nẹ́sísì: Ọlọ́run ti fi ẹja òkun sábẹ́ àṣẹ wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú Diutarónómì orí 22, Ọlọ́run kan náà ní ẹni tó bá bá ẹyẹ lórí ẹyin kò gbọdọ̀ kó ìyá mọ́ ọmọ. Ọ̀rẹ́ mi ààfáà ní Súrà Máídà yọ̀ǹda ẹran òkun, ó sì fi kún un pé súrà yẹn náà ló ka ọdẹ orí ilẹ̀ léèwọ̀ fún ẹni tó bá ti wọ ìhárámù fún Hájì tàbí Úmúrà. Bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ kò mọ̀wé, síbẹ̀ kì í yìnbọn sí ẹranko tó lóyún. Ọwọ́ rẹ lè ká nǹkan, kó má sì tọ́ sí ọ.

Ó yẹ kí àwa ará Àgbádárìgì mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Gbẹ́rẹ̀fú yìí ni wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá òkun. Àwọn tó rà wọ́n lówó, wọ́n ní ìbọn, wọ́n sì gbà pé ohun tí ọwọ́ àwọn bá ti tẹ̀ ti di tàwọn. Mi ò fi èèyàn wé ìjàpá o. Èrò inú ẹni tó ń mú nǹkan ni mò ń wò, èrò yẹn kò sì tíì kúrò létíkun wa.

Òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo ẹranko tó fẹ́ run ti wà láti 1985, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ yanrìn ní aago méjì òru? Ní Benin, lápá ibi tí odò Mono ti ń wọ òkun, àwọn ará ìlú fi Zangbeto, eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ṣọ́ igbó ẹ̀gbà kí àwọn tó ń gé igi má baà pa á run. Àwa náà ní Zangbeto. Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa ṣọ́ etíkun yìí.

Ẹ̀yin tó ń ti Èkó wá gbafẹ́, ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni ọmọ ìjàpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń dorí kọ, iná yín sì lè ṣì í lọ́nà. Oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹta ni àwọn ìyá wọn sábà máa ń gòkè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa iná etíkun bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bí wọ́n bá sì gbé ẹyin ìjàpá wá tà fún yín, ẹ má rà á.