Ọmọ Ajá Nínú Kéèjì

Ní òru àkọ́kọ́ tí ọmọ ajá bá máa sùn nínú ilé tuntun lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, inú kéèjì ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ ẹ sí. Kò tíì ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ. Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ara ìyá rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń fẹ̀yìn tì sùn. Kò dá sùn rí. Wọ́n wá gbé e sínú àpótí onírin tàbí oníke, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n pa iná. Ó fi igbe ta. Olówó rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rò ó pé ṣé kí òun dìde lọ ṣí i ni, àbí kí òun fi í sílẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Kéèjì náà kò gbọdọ̀ ju ibi tí ajá ti lè dìde dúró, tó ti lè yí po, tó sì ti lè na ara lọ, nítorí ajá kì í fẹ́ tọ̀ síbi tó ń sùn. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, yóò sọ apá kan di yàrá, yóò sọ apá kejì di ṣáláńgá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Wọ́n á máa ju oúnjẹ sínú rẹ̀, ajá á máa wọlé, á máa jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó ti ilẹ̀kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó tó wá di ìṣẹ́jú kan, kí ó tó di márùn-ún, kí olówó rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú yàrá. Àwọn tó mọṣẹ́ náà kì í fi kéèjì jẹ ajá níyà. Wọ́n tún ní ìṣirò kan: fi ení kún iye oṣù tí ọmọ ajá ti lò láyé, iye wákàtí tó lè di ìtọ̀ mú nìyẹn. Ọmọ oṣù méjì, wákàtí mẹ́ta, bí ara rẹ̀ bá gbà á.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbé kéèjì yẹn kan náà dé Swídìn, tó ti ajá rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ti rú òfin. Níbẹ̀ àti ní Fínlándì, kéèjì wà fún ìrìn àjò, ìdíje ajá àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ń tọ́jú ajá pamọ́ sí nílé. Òfin Swídìn tún pa á láṣẹ pé lójúmọmọ, wákàtí mẹ́fà kò gbọdọ̀ kọjá kí wọ́n má tíì mú ajá jáde, ti ọmọ ajá sì gbọ́dọ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìfẹ́ ajá jinlẹ̀ ní ìlú kan ju èkejì lọ. Ohun tí ìhín ń pè ní ìtọ́jú ni ọ̀hún ń pè ní ìfìyàjẹni, ajá kan náà sì ni.

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń gbèjà kéèjì ni pé inú ihò ni ajá ti wá, pé ibi tóóró tó ṣókùnkùn ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwíjàre yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Abo ìkookò ń lo ihò láti bímọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ á lo nǹkan bí oṣù méjì níbẹ̀, lẹ́yìn náà gbangba ni gbogbo agbo ń sùn. Ihò náà kò sì ní ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ń tì.

Àwíjàre tó lágbára ju èyí lọ wà lọ́wọ́ àwọn onísìn. Nítòsí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Cambridge, ní ìpínlẹ̀ New York, ni ilé àwọn mọ́ǹkì New Skete wà, àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa gbé pọ̀ nínú àdúrà láìní ìyàwó. Wọ́n dá ilé náà sílẹ̀ ní 1966. Kátólíìkì ni wọ́n nígbà náà, wọ́n sì di ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní 1979. Ajá ni wọ́n ń sìn, irú ti Jámánì tí àwọn ọlọ́pàá fẹ́ràn. Ìwé tí wọ́n kọ ní 1978, How to Be Your Dog's Best Friend, sọ wọ́n di olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ olówó ajá tí kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn láé. Nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ní kí a máa fi ipá dá ajá olóríkunkun dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó lè mọ ẹni tó jọ̀gá. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2002, wọ́n pa ìmọ̀ràn yẹn tì ní gbangba, ohun tí kì í rọrùn fún ẹni tí ayé ti ń pè ní ọ̀gá. Ohun kan tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé inú yàrá tí ènìyàn ń sùn ni kí ajá sùn, kí ó máa gbọ́ èémí olówó rẹ̀.

Orúkọ aṣálẹ̀ kan ní Íjíbítì ni wọ́n fún ilé wọn, ibi tí àwọn baba ìsìn Kristẹni lọ dá gbé ní ọ̀rúndún kẹrin. Ẹ̀kọ́ àwọn baba wọ̀nyẹn ni pé kí mọ́ǹkì jókòó sínú yàrá tóóró tirẹ̀, kí ó má ṣe sá nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ń rú, nítorí ìjókòó náà gan-an ni olùkọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà kéèjì lè rọ̀ mọ́ èyí: ibi tó há lè tọ́ni, àyè tó ní ìwọ̀n lè fini lọ́kàn balẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mọ́ǹkì fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó sì mọ ohun tó ń wá. Ọmọ ajá kò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan.

Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ ènìyàn pẹ̀lú kò jẹ́jẹ̀ẹ́. John Stuart Mill pàápàá, tó kọ ìwé On Liberty ní 1859, yọ ọmọdé sílẹ̀ nínú òmìnira tó ń jà fún. Ìyá tó fi òjá gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ìkà. Àmọ́ ibi tí ìyá ń lọ ni ọmọ ń lọ, ooru ara ìyá sì wà láyà ọmọ. Ti kéèjì yàtọ̀: ìgbà tí olówó ajá bá ń lọ gan-an ni ilẹ̀kùn ń tì.

Lẹ́yìn òru mélòó kan, ọmọ ajá dákẹ́. Inú gbogbo ará ilé dùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá le, nítorí ìdákẹ́ oríṣi méjì ló wà, ẹni tó dúró lóde kéèjì kò sì lè tètè yà wọ́n sọ́tọ̀: ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àti ti ẹni tó ti gba kámú.

Ajá ni wọ́n fi mọ ìyàtọ̀ náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ ọ́n kò sì dára. Ní 1967, ní Yunifásítì Pennsylvania, Martin Seligman àti Steven Maier de àwọn ajá kan mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi iná mànàmáná gbọ̀n wọ́n. Àwọn kan lè fi orí ti pátákó kí iná náà lè dá. Àwọn mìíràn kò ní ohunkóhun tí wọ́n lè ṣe sí i. Nígbà tí wọ́n kó wọn sínú àpótí alápá méjì tí ìdènà kékeré wà láàárín rẹ̀, àwọn ti àkọ́kọ́ fò sí apá kejì ní kété tí iná dé. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù dùbúlẹ̀, wọ́n ń kùn, wọ́n ń jẹ ìyà tí ìfò kan ṣoṣo ì bá gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàyé ìgbà náà ni pé wọ́n ti kọ́ àìlágbára. Ní 2016, àwọn onímọ̀ méjèèjì fúnra wọn yí àlàyé yẹn padà: ìjọ̀gọ̀nù ni ibi tí ọpọlọ máa ń já sí fúnra rẹ̀ bí ìyà bá pẹ́, ohun tí ẹ̀dá ń kọ́ ni pé ọwọ́ òun ká a.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe dídákẹ́ ló yẹ kí ọmọ ajá kọ́ nínú kéèjì. Ohun tó yẹ kó kọ́ ni pé bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n tó sì ké, ẹnìkan yóò dìde. Olùkọ́ tó ní kí a di etí sí gbogbo igbe lè rí ìdákẹ́ gbà kíákíá. Kò lè sọ èyí tó gbà nínú méjèèjì.

Bí ó bá ṣe pé ìdákẹ́ nìkan la fi ń wọn iṣẹ́ yìí, àwọn onímọ̀ Soviet ni ì bá gba ipò kìíní. Ajá ìgboro ni Laika, Moscow ni wọ́n ti mú un. Láti pèsè òun àti ajá méjì mìíràn, Albina àti Mushka, sílẹ̀ fún òfuurufú, wọ́n ń gbé wọn láti àgò kékeré bọ́ sí èyí tó kéré sí i, nígbà mìíràn fún ogúnjọ́. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ àwọn ajá náà dá, ara wọn kò lélẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ṣiṣẹ́ ni kí ìhámọ́ náà pẹ́ títí yóò fi mọ́ wọn lára. Vladimir Yazdovsky, dókítà tó wà nídìí ètò náà, mú Laika lọ sílé kí ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré, torí ó mọ̀ pé kò ní padà wá. Sátẹ́láìtì Sputnik 2 gbé e lọ ní 3 Oṣù Kọkànlá 1957, ooru sì pa á láàárín wákàtí mélòó kan. Ọdún 2002 ni ayé tó gbọ́ bí ikú náà ṣe yá tó. Oleg Gazenko, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ọ, ti sọ ṣáájú, ní 1998, pé ohun tí àwọn rí kọ́ kò tó ẹ̀mí ajá náà. Ẹ̀kọ́ Laika pé pérépéré. Àmọ́ nínú gbogbo ètò náà, kò sí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn.

Sue Donaldson àti Will Kymlicka, àwọn ará Kánádà tó kọ Zoopolis ní 2011, gbà pé ajá tó ń bá ènìyàn gbé jẹ́ ará ìlú lọ́nà tirẹ̀: ó ní ohun tó ń fẹ́, ó sì ń sọ ọ́, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá fara balẹ̀ wò ó. Ìdánwò tó bá èrò wọn mu rọrùn. Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí lọ́sàn-án, kí ẹnikẹ́ni má pè é, kí oúnjẹ má sí nínú rẹ̀. Ṣé yóò wọlé lọ sùn? Ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n fi sùúrù kọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Jon Elster, nínú Sour Grapes tó kọ ní 1983, kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀: ẹni tí wọ́n há mọ́ kọ́nà lè gé ìfẹ́ inú rẹ̀ kúrú kí ó lè bá kọ́nà náà mu. Àtakò yìí wúwo, kò sì sí ìdánwò tó lè yọ gbogbo ẹ̀gún rẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni kí a wo olówó ajá dípò ajá.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wo ibẹ̀ tipẹ́. Nínú àkójọ hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí Bukhari àti Muslim ṣe, obìnrin kan wà tó jìyà nítorí ológbò tó tì mọ́lé títí ó fi kú. Ẹ̀sùn náà ní ẹ̀ka méjì: kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá tirẹ̀ jẹ nínú kòkòrò ilẹ̀. Ẹ̀ka kejì ló jinlẹ̀ jù. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn ti gba gbogbo ohun tí ẹran náà ì bá ṣe fún ara rẹ̀ sọ́rùn ara rẹ̀: omi, ìtọ̀, eré, ẹgbẹ́. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ wọn wà lójú ọ̀nà Imam Malik tí kò ka ara ajá sí èérí, mọ ajá mìíràn nínú Súrà al-Kahf, èyí tó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu ihò tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sùn sí. Kò sí ẹni tó so ó.

Ní Èkó àti Ìbàdàn, òdì-kejì ti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ń ṣe: wọ́n á ti ajá tó ń ṣọ́lé mọ́ kéèjì lọ́sàn-án kí ó má bu àlejò jẹ, wọ́n á tú u sílẹ̀ lálẹ́ kí ó máa ṣọ́ ọgbà. Kéèjì náà wà nínú oòrùn nígbà púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kọ́ ajá yẹn ní ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí a bá gbé e ka orí ẹ̀sùn hádíìsì yẹn, gbèsè ibẹ̀ pọ̀ ju ti òru méjì-mẹ́ta tí ọmọ ajá fi ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wákàtí wá ni ìdí ọ̀rọ̀. John Paul Scott àti John Fuller, tí wọ́n fi nǹkan bí ọdún 13 ṣèwádìí ajá ní Bar Harbor, ní Maine, fi hàn nínú ìwé wọn ti 1965 pé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá ń mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ àti ohun tí kò yẹ kó bẹ̀rù. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti lo ju ìdajì àkókò yẹn lọ kó tó dé ilé tuntun. Wákàtí méjì nínú kéèjì lẹ́yìn eré kò dí i lọ́wọ́. Wákàtí mẹ́wàá lójoojúmọ́, nígbà tí gbogbo ará ilé wà níbi iṣẹ́, ń jẹ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní lè san padà fún un.

Gary Francione, amòfin ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé pé kò yẹ kí ènìyàn máa sin ẹran ilé rárá, gbé ajá mẹ́fà tí wọ́n gbà là sílé ara rẹ̀. Kò sì rí ìtakora kankan nínú rẹ̀, nítorí àwọn tó ti wà láyé gbọ́dọ̀ rí ẹni tọ́jú wọn. Àwọn tó ń fi ajá tọrẹ ní Amẹ́ríkà kì í bá a lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún ẹni tó bá wá mú ajá ní ìbéèrè kan: wákàtí mélòó ni ajá náà yóò máa dá wà lójúmọ́? Ẹni tó bá kọ mẹ́wàá síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú un kúrò nídìí àwọn ọmọ ajá lọ sọ́dọ̀ ajá àgbà tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń di ìtọ̀ mú, tàbí kí wọ́n bi í bóyá aládùúgbò kan wà tó lè máa ṣí ilẹ̀kùn lọ́sàn-án.