Ère Tí A Wẹ̀ Títí Ojú Rẹ̀ Fi Parẹ́

Ìbéèrè tó wà nídìí yíyan ohun ìrántí fún ẹni tó ti kú ni pé iṣẹ́ wo gan-an ni ohun náà ń ṣe: ṣé ojú òkú ni ó ń dì mú kí a má baà gbàgbé, àbí ó ń fún ọwọ́ ẹni tó ṣẹ́ kù ní ohun tí yóò máa ṣe? Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn agbẹ́gilére ti fi igi dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́tipẹ́, ère ìbejì sì ni ìdáhùn wọn, ìyẹn ère kékeré, tí kì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, tí àwọn òbí ń ní kí a gbẹ́ nígbà tí ọ̀kan nínú ẹ̀jìrẹ́ tàbí àwọn méjèèjì bá kú.

Ìran Yorùbá wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù lọ láyé, òkìkí Igbó-Ọrà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti kàn dé òkè òkun nítorí èyí. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́ ìbejì tó ń kú ní kékeré pọ̀, nítorí pé a sábà máa ń bí wọn láìpé oṣù. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé ẹ̀mí kan ni àwọn méjèèjì jọ ń lò, nítorí náà bí Táyé bá lọ, ẹ̀rù a máa ba àwọn òbí pé Kẹ́hìndé lè tẹ̀ lé e. Bí babaláwo bá bi Ifá léèrè, tí Ifá sì ní kí a gbẹ́ ère, wọ́n á bẹ agbẹ́gilére níṣẹ́, wọ́n á sì ṣe ètùtù kí ère tó wọlé. Ère náà, nígbà náà, kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí rárá. Ibùjókòó ni, níbi tí ẹ̀mí tó lọ yóò ti máa gba ìtọ́jú.

Ohun tó máa ń ya ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ni pé kò jọ ọmọ ọwọ́. Ọmọ náà lè ti kú kó tó rìn, síbẹ̀ ère rẹ̀ dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní ọmú bí abiyamọ tàbí ara bí ọkùnrin tó ti gbó, ilà ẹbí rẹ̀, bóyá àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́, sì wà lójú rẹ̀. Babatunde Lawal, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà, ṣàlàyé pé ‘à-wò-rántí’ ni ‘àwòrán’, ìyẹn ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìyá ń rántí nínú ojú àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí? Ó jọ pé àgbà tí ọmọ náà ì bá dà ni ó ń wò.

Ṣùgbọ́n wíwò kọ́ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ìyá á fi ọṣẹ àti omi wẹ ère náà, á fi osùn, ìyẹn ìyẹ̀fun pupa tí a ń lọ̀ láti ara igi, pa á lára, á sì fi ẹ̀lú tí a fi ń pa aṣọ láró kun irun rẹ̀, tàbí búlúù tí a fi ń fọ aṣọ láti ìgbà tí ìyẹn ti dé ọjà. Bí wọ́n bá se ẹ̀wà, wọ́n á fi díẹ̀ kàn án lẹ́nu. Bí èyí tó wà láàyè bá gba aṣọ tuntun, ti ère kì í gbẹ́yìn. Nígbà tó bá pẹ́, imú á tẹ́, ilà ojú á parẹ́, ẹnu á dán bí òkúta odò, osùn á sì gan mọ́ abẹ́ àgbọ̀n àti àárín ìka ẹsẹ̀, níbi tí ọwọ́ kò ti dé dáadáa. Ẹni tó bá gbà pé jíjọ ni ohun ìrántí fi ń níye lórí yóò sọ pé ère bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àtẹ́lẹwọ́ ìyá ló fá a, ìfẹ́ náà sì ń hàn sí i bí ojú ti ń parẹ́.

Àwọn ẹ̀sìn tó dé lẹ́yìn kò fara mọ́ ọn. Ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí míṣọ́nnárì T. J. Bowen mú dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, tí ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1898, kọ́ni pé òfin Ọlọ́run lòdì sí ère, àwọn àlùfáà Mùsùlùmí náà sì sọ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tìrà onígun mẹ́ta wà ní àyà àwọn ère mìíràn. Àtakò yìí yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún, nítorí pé ẹni tó ń fún igi lóúnjẹ lè gbàgbé Ẹni tó dá ọmọ, tó sì dá igi. Síbẹ̀, ohun tí ọkàn àwọn òbí ń fẹ́ kò bá ère lọ. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, Stephen Sprague, tó ṣèwádìí nípa fọ́tò láàárín Yorùbá, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1978 pé àwọn ayàwòrán máa ń tẹ àwòrán ẹ̀jìrẹ́ tó ṣẹ́ kù lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ó lè jókòó ti ara rẹ̀ ní ipò èkejì.

Lóde òní, súfúníà ló gbòde, ìyẹn abọ́, ike, tówẹ́ẹ̀lì tàbí kàlẹ́ńdà tí a tẹ àwòrán olóògbé sí, tí a ń pín níbi ìnáwó òkú. Kò dára kí a bẹnu àtẹ́ lù ú pátápátá, nítorí pé ẹ̀bùn fún àlejò jẹ́ ọlá fún òkú. Abọ́ náà a máa ṣá, ojú ibẹ̀ a sì parẹ́ bíi ti ère, ṣùgbọ́n ojú tí ìyá fi ọwọ́ wẹ̀ nù yàtọ̀ sí èyí tí kànrìnkàn àlejò bó kúrò. Aṣọ òfì ìyá tí ọmọ ń sá sóòrùn lọ́dọọdún, tàbí kànga tí ọmọ Mùsùlùmí gbẹ́ ní sàráà fún bàbá rẹ̀, tí ó sì ń tún ṣe bó ti ń bàjẹ́, sún mọ́ ère ìbejì ju àwòrán ojú lọ.

Ọ̀yọ́ ní àpẹẹrẹ kan tí kò sí igi nínú rẹ̀. Samuel Johnson, pásítọ̀ ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọnù, Johnson sì kú ní 1901. Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n mìíràn ì bá gbé òkúta sórí sàréè, kó sì simi. Dókítà Obadiah Johnson, ọmọ ìyá rẹ̀, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó sì tún gbogbo ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní orúkọ Samuel. Ìwé náà jáde ní 1921. Obadiah ti kú ní 1920.